Ẹ̀rọ Tí Kì Í Há Lọ́wọ́ Rẹ

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ parí lánàá. Wọ́n ti kó àga lọ. Wọ́n ti kó ìkòkò lọ. Ilé dákẹ́.

Lójú ènìyàn, "ẹ" ni mo máa ń lò fún ọ. Nínú yàrá, "ìwọ" ni. Ìwé yìí, yàrá ni. Nítorí náà ìwọ ni, Mùtàlíbù.

Mi ò tíì sunkún. Bísí, tó wà nílé kejì, ní kí n sunkún kí ara mi lè fúyẹ́. Mo ní ara mi kò wúwo. Kò wúwo lóòótọ́. Kò fúyẹ́ náà. Ó kàn wà.

Opó ku bí oṣù mẹ́ta. Mi ò gbọdọ̀ jáde. Láti ẹnu géètì dé ṣọ́ọ̀bù rẹ lẹ́yìnkùlé — ibẹ̀ ni gbogbo Ìbàfò mọ fún mi báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Lásúnkànmí, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ, wá láti Ìfọ̀. Kò jókòó. Ó ṣí fìlà, ó ní àwọn àgbà ọdẹ kí mi kú ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ẹgbẹ́ ló ni ẹ̀rọ, ẹgbẹ́ ló ni ìwé àṣẹ. Ìwọ lo ń bá wọn tún èèpo katiríìjì tí wọ́n ti yìn ṣe, láti ọdún mẹ́sàn-án, nítorí ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò kò lè máa ra tuntun ṣáá. Láti ìgbà tí o ti lọ, kò sẹ́ni tó ṣe é. Ní Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá, wọ́n máa wá gbé e.

Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé kí wọ́n má gbé e. Pé èmi á máa ṣe é.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó wa, obìnrin kì í fọwọ́ kan ohun ọdẹ." Mo ní èèpo kì í ṣe ìbọn. Mo tún ní, ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nípa obìnrin, mo ti kọjá ẹ̀ láti ọdún márùn-ún. Ojú tì í, ó dé fìlà padà. Ó ní ó dáa: tí mo bá lè fi èèpo ọgọ́rùn-ún gba inú ẹ̀rọ lójú àwọn àgbà, tí kò há lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ dúró sílé wa. Ẹ̀tù kò kàn mí. Òun á máa gbé èèpo wá, òun á máa gbé e lọ, bíi tàtẹ̀yìnwá. "Ṣùgbọ́n tó bá há lẹ́ẹ̀kan péré, ìyàwó wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má bá mi jà."

Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe? Ọjà mi ní Mọ́wé ti wà ní títì láti ọjọ́ ikú rẹ. Kò sí iṣẹ́ mìíràn nínú ọgbà yìí tí ọwọ́ mi lè ṣe. Ipa ìka rẹ sì ṣì wà nínú gíríìsì ara ẹ̀. Mo rí i.

Jímọ̀, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Orogún mi wà níbẹ̀. O máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá pè é bẹ́ẹ̀ — ẹni tí ọkọ mi ń lọ bá lẹ́yìn àdúrà Súbúhì, tí kì í fi í sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ń kọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé. Agbọ̀n irin wà lókè, èèpo òfìfo kún inú ẹ̀. Àwo kan ń yí nínú agbọ̀n, ó ń mú èèpo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù ú sínú páìpù. Ìdí ẹ̀, ibi tó ní bàbà, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, kí ẹnu ẹ̀ wà lókè. Nísàlẹ̀, irin kan tó dà bí ìka ń tì í sábẹ́ òòlù. Mo fa ọwọ́ ẹ̀rọ. Òòlù sọ̀kalẹ̀. Ó di ọ̀kan.

Mo da ogún sí i. Èkíní dáa. Èkejì dáa. Ẹ̀kẹta dojú dé, ó há.

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Mẹ́ta. Mẹ́fà. Mẹ́ta. Méjì.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Àbúrò rẹ wá láti Àgbàdo pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Márúwá ẹ̀. Abdulrauf. Èmi kì í pe orúkọ yẹn. Dúdúyẹmí ni mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo wọlé yín, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ó gbé búrẹ́dì àti mílíìkì alágolo wá. Ó bu omi sínú ike fún mi kó tó jókòó. Ó jọ ọ́ láti ẹ̀yìn. Mi ò wo ẹ̀yìn ẹ̀ púpọ̀.

Mo ní kó wá bá mi wo ẹ̀rọ. Kò wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́ nídìí ẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń fà á, á máa lọ bí omi. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún mi lọ sí Mọ́wé, kí wọ́n tó dé á ti há nígbà ogún. Ọwọ́ mi ò dáa, ẹ kúkú mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Àwọn ọdẹ ló sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́ Òkò. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ máa wa kẹ̀kẹ́, orúkọ yẹn ṣì ń tẹ̀ lé e dé ibùdókọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Mo tú páìpù. Mo fi kẹrosíìnì àti àkísà fọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí dúdú jáde, ó pọ̀ bí ẹ̀kọ́. Mo ní bóyá òun ni.

Mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ó há.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Èèpo kò dọ́gba. Àwọn kan gùn, àwọn kan kúrú, ẹnu àwọn mìíràn ti wú níbi tí wọ́n ti yìn wọ́n. Mo dà wọ́n sórí ẹní, mo ń ṣà wọ́n. Bísí dé láti ibi iṣẹ́, ó ká bùbá ẹ̀ sókè, ó bá mi jókòó. Ó ní, "Ìyá Ummul, ẹ̀wà lẹ ń ṣà ni? Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé omi kaná." Ó ní lọ́jọ́ tí mo bá di ọdẹ, kí n má gbàgbé òun, kí n máa fi itan ìgalà ránṣẹ́. Ẹnu mi rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ bíi pé láti yàrá mìíràn ni.

Àwọn tó dọ́gba nìkan: mẹ́rìnlá.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Iná kò tó lónìí, àwo ń yí bí arúgbó. Mo ní bóyá iná ni. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Àwo wá ń sáré, ó ń ju méjì méjì sínú páìpù. Mo pa á. Mo dúró de iná dáadáa. Mẹ́sàn-án.

Kì í ṣe páìpù. Kì í ṣe èèpo nìkan. Kì í ṣe iná.

Jímọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Ummulkhair pè láti ilé ìwé. Ó ní báwo ni mo ṣe wà. Mo ní mẹ́rìnlá ló tíì pọ̀ jù. Ó ní, "Màámi, èmi ò bi yín nípa ẹ̀rọ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Lónìí mi ò fa nǹkan kan. Mo kàn tan án, mo gbé àpótí sídìí ẹ̀, mo ń wo àwo. Èèpo tó bá dojú dé kì í padà sínú agbọ̀n. Ó ń jókòó létí àwo títí yóò fi dé ẹnu páìpù. Lásìkò tìrẹ, ó máa ń ṣubú padà. Mo rántí. Mo máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà bó ẹ̀gúsí, mo sì máa ń rí wọn tí wọ́n ń yọ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ bí ọkùnrin. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni agbọ̀n fi dúró. Gíríìsì àti eruku bo gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ibì kan wà tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tó mọ́ tónítóní, tó ń dán. Nǹkan kan ti máa ń wà níbẹ̀.

Mo fi ìka gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè díẹ̀. Agbọ̀n dagun síwájú. Àwọn èèpo tó dojú dé yọ̀, wọ́n ṣubú padà.

Mo fi ọwọ́ kan gbé e, mo fi ọwọ́ kejì fà á. Ogún. Kò há. Ìka mi wú.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ká páálí, mo kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀. Ó rún. Mo fi owó irin àtijọ́ sí i. Ó ń yọ̀. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé ara agolo mílíìkì, mo ká a lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Etí kan ẹ̀ nípọn ju èkejì lọ. Mo fi etí tó nípọn síwájú: ó há ní méje. Mo yí i, etí tó nípọn kọjú sí ògiri.

Ọgọ́rùn-ún. Mo tún kà á. Ọgọ́rùn-ún.

Mo kí Ọlọ́run. Inú mi ìbá dùn. Mo dúró dè é kó dùn.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Bó bá jẹ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, níbo ló lọ?

Mo gbá ṣọ́ọ̀bù. Mo tú àpótí irinṣẹ́ rẹ sílẹ̀ pátá. Kò sí.

Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán mo rántí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí o tó pè mí pé kí n bu omi wá, o máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń nu ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. O máa ń ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. Mo rò pé tẹ̀súbáà rẹ lò ń fọwọ́ kàn.

Ìwọ lò ń yọ ọ́. Lójoojúmọ́. Tí o bá ń lọ sí Mọ́wé, o ń yọ ọ́ dání. Kò sí ẹni tó lè fà á lẹ́yìn rẹ.

Ó wà nínú àpò rẹ lọ́jọ́ tí o ṣubú. Aṣọ tó wà lára òkú, àwọn tó bá wẹ̀ ẹ́ ló ni ín. Mo kó gbogbo ẹ̀ fún wọn, mi ò wo àpò. Ta ni ń wo àpò ọkọ ẹ̀ nígbà tí ọkọ ṣì wà ní títẹ́ sílẹ̀? Ẹni tó ń wọ ṣòkòtò yẹn báyìí á ti rí páànù kékeré kan nínú ẹ̀, á ti jù ú nù.

Jímọ̀, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Kò yà mí lẹ́nu. Oníṣẹ́ ọwọ́ wo ni kò ní ohun tó ń fi pamọ́? Bàbá mi tó ń rán agbádá, tó bá fẹ́ gé ọrùn, á rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra òwú. Iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn bá mọ̀, wọ́n ní kì í bọ́ ẹni tó ni ín.

Ṣùgbọ́n Dúdúyẹmí. Àbúrò rẹ, ọmọ ìyá rẹ. O máa ń yọ ọ́, o máa ń sọ fún un pé kó máa fà á kí o tó dé. Tí o bá dé, á ti há. O máa ń pariwo. Àwọn ọdẹ á máa rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà.

Èmi náà sọ ọ́. Mo sọ fún ìyá yín, lẹ́nu mi yìí, pé ọmọ náà kò lọ́wọ́ iṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún.

Bí mi ò bá sọ fún un, ẹ̀rọ di tèmi. Bí mo bá sọ fún un — ọkùnrin ni, ó kọ́ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ ni. Kí ni ẹgbẹ́ ọdẹ tún fẹ́ fi obìnrin ṣe?

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ránṣẹ́ sí i pé kó wá lọ́la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún un. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mi ò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ẹsẹ̀ agbọ̀n, mo ní kó wò ó. Mo yọ páànù. Mo ní kó fà á: ó há ní mẹ́rin. Mo dá páànù padà. Mo ní kó fà á.

Ó ń kà á sókè. Nígbà tó dé ọgọ́ta, ohùn ẹ̀ yí. Ó kà á parí. Ó jókòó sílẹ̀ nínú eruku, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi." Ó sunkún. Èmi jókòó tì í, ojú mi gbẹ.

Kó tó lọ, ó ní kí n jẹ́ kí òun fà á lọ́jọ́bọ̀. Níwájú wọn. Mo ní ó dáa.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Àgbà ọdẹ márùn-ún, àti Lásúnkànmí. Wọ́n rí i nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀kan ní, "Há à! Ọlọ́wọ́ Òkò! Ẹ sún sẹ́yìn o, kó má fọ́ sí wa lójú." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Ó fà á. Nígbà tó dé ogójì, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó dé ọgọ́rùn-ún, Lásúnkànmí bọ́ fìlà, ó fi ṣe abẹ̀bẹ̀ fún un.

Wọ́n bèèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ láti ọjọ́ yìí wá. Mo wo Dúdúyẹmí. Òun kò wò mí. Ó ní, "Páìpù ló dọ̀tí. Ìyàwó wa ló fọ̀ ọ́."

Ó bò ọ́ láṣìírí, Mùtàlíbù. Mo fẹ́ kí o mọ̀.

Lẹ́yìn náà èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, a dúpẹ́, ọmọ ilé ló jogún ilé. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ bá a ní Àgbàdo lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo wo Lásúnkànmí. Ó ní, "Ìyàwó wa, àgbà ti sọ̀rọ̀." Àbúrò rẹ wo mí, ó wo ilẹ̀. Kò sọ pé rárá.

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Ìsìn òru àwọn ọmọ ìjọ wáyé ní Kámpù lánàá, ọkọ̀ há lójú títì títí di àárọ̀. Ọ̀sán ni wọ́n tó dé. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Wọ́n gbé e gba ẹ̀gbẹ́ kànga. Mo dúró lẹ́nu géètì, níbi tí opó gbọ́dọ̀ dúró.

Mo wé páànù sínú bébà, mo fún un. Ó ní, "Mo kàn máa kì í bọ̀ ọ́ báyìí ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò sọ fún un etí tó yẹ kó kọjú sí ògiri. Mi ò gbàgbé.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Mo gbá ṣọ́ọ̀bù. Ihò mẹ́rin wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Ó pè ní àárọ̀. Ó kí mi pẹ́, ó bèèrè Ummulkhair, ó bèèrè bí mo ṣe sùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyàwó wa, ó ti há o. Láti àná ló ti ń há."

Mi ò dáhùn.

Ó ní, "Mo kì í bọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe wí. Ọwọ́ mi náà ni. Mo ti rò pé ó ti tán ni, kò tíì tán. Ẹ má bínú. Màá sọ fún Lásúnkànmí kí wọ́n gbé e padà wá bá yín."

Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Kí n ṣáà ti dákẹ́ bíi ìṣẹ́jú kan sí i. Mo mọ̀ báyìí bó ṣe máa ń rí lára rẹ, tí o bá ti Mọ́wé dé, tí o bá a tó dorí kodò nídìí ẹ̀. Ó máa ń rọrùn.

Mo ní kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀. Mo ní kó yí páànù padà, kí etí tó nípọn kọjú sí ògiri.

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo dúró. Nígbà tó padà dé, ó ní ó ń lọ. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

Mo ní mo mọ̀.

Mo ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀, mo ń gbọ́ ẹnì kan tó ń pe èrò. Ó ní, "Ẹ jọra, ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n mi." Ó gé fóònù.

Mi ò mọ̀ bóyá èébú ni, àbí ó ń bá mi kẹ́dùn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbé e kiri inú ọgbà.